Ilé Méje Létí Odò Ńlá

Pointe-aux-Aulnes, létí odò ńlá, lókè Québec
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1643

Màámi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ o. Ẹ kú ilé, ẹ kú ìkórè, ẹ kú àìrí ọmọ yín láti ọjọ́ yìí. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún yẹn ti jẹ́ kí ẹ gbádùn? Ṣé àbúrò mi Anselme ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu, àbí ó ṣì ń sùn títí oòrùn á fi wọlé bá a lórí bẹ́ẹ̀dì? Ẹ bá mi kí Fáda Anquetil tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Fáda, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibì kankan.

Èmi wà láàyè, mo sì ń ṣiṣẹ́. Àgbá ni mò ń kàn látàárọ̀ dalẹ́ bí Bàámi ṣe kọ́ mi. Ẹja gígùn bí ejò tí ẹ máa ń sá fún lọ́jà yẹn ló pọ̀ nínú odò yìí. Òun la máa ń fi iyọ̀ sí nínú àgbá, òun náà la máa ń jẹ títí ìgbà òtútù á fi parí. Ẹ bá fẹ́ kí n jẹ ẹ́ níjọ́sí, mo kọ̀. Ẹ wá wò mí báyìí, mo ń lá ìka.

Ohun tó ń dà mí láàmú níbí, Màámi, ìdákẹ́rọ́rọ́ ni. A ò pọ̀. Tí yìnyín bá ti bo ilẹ̀, tí odò bá ti dì, a ó máa wojú ara wa títí tí kò ní sí ohun tuntun kankan lójú ẹnikẹ́ni mọ́. Gbogbo àwàdà mi ni wọ́n ti gbọ́ tán. Káfíńtà wa, Gervais, tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan, òun ló ń bá mi parí rẹ̀, á wá ní, “Macé, èyí tó kàn ńkọ́?” Kò sí èyí tó kàn. Nígbà mìíràn mo máa ń lọ dúró létí omi kí n kàn lè gbọ́ ohùn omi náà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, èmi ni mo mú búrẹ́dì ìbùkún lọ sí Mísà. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn láti ìgbà Àjíǹde. Ìdí rẹ̀ jó díẹ̀, ṣùgbọ́n Fáda wa súre sí i bẹ́ẹ̀ náà, wọ́n gé e, wọ́n sì jẹ ẹ́. Mo rántí yín nígbà tí mò ń po ìyẹ̀fun rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta tí mo tọwọ́ bọ̀wé fún yóò pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1645. Ẹ bá mi tọ́jú irinṣẹ́ Bàámi, kí wọ́n má baà dípẹtà. Ẹ kọ̀wé sí mi. Ẹ kọ ohun gbogbo, títí kan ẹni tó bá ẹnì kan jà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ìròyìn tó kéré jù fún mi.

Ọmọ yín,
Macé Brunel


Saint-Aubert, lẹ́bàá Dieppe, ní Faransé
Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin, ọdún 1644

Macé ọmọ mi, àkọ́bí mi,

Èmi ìyá rẹ, Guillemette, ló ń sọ̀rọ̀, Fáda Anquetil ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti ní kó kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu mi gan-an, kó má fi Látìn kankan há a láàárín. O kú àjò, ọmọ mi. O kú ìfaradà. Ara mi le. Orúnkún ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí lẹ́tà rẹ ti dé, mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ó ku díẹ̀ kí Kérésìmesì pé ló dé. Fáda kà á débi búrẹ́dì ìbùkún, mo ní, “Fáda, ẹ dákẹ́ ná. Ẹ tún ibẹ̀ kà.” Ó tún un kà. Ẹ̀ẹ̀kẹta láti ìgbà Àjíǹde! Macé, bàbá rẹ, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni búrẹ́dì yẹn kàn wá láti ìgbà tí mo ti wọlé rẹ̀. Ìwọ náà mọ bí ilé tó ń pèsè rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ti pọ̀ tó nínú ìjọ wa. O sì mọ̀ pé tí ọdún ńlá bá dé, àwọn ọlọ́lá ló máa ń já lu ìlà. Ní ọdún tó yẹ kó kàn wá lẹ́ẹ̀kejì, ẹni tó ni ọlọ já ṣíwájú wa, bàbá rẹ kò sì lè sọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ̀ ló wá ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù díẹ̀ yìí!

Mo bẹ Fáda, ó sì kà á fún gbogbo ìjọ lẹ́yìn Mísà. Ká ní o rí ojú Thomasse, àbúrò bàbá rẹ! Òun tó ní ẹranko á pa ọ́ jẹ lọ́hùn-ún. Lọ́jọ́ kejì ló gbé ẹyin wá kí mi, ó ń pè mí ní “ìyá Ọ̀gbẹ́ni Macé.” Ọ̀gbẹ́ni o! Láti ọjọ́ náà, kò tíì já mi kulẹ̀ lọ́sẹ̀ kan. Mo ń gba ẹyin, mo ń fi orí dáhùn.

Mo ti wá ṣe ohun tó yẹ. Anselme ti gbé ìyàwó. Colette ni, ọmọ ẹni tó ni ilé ọtí. Mo fi ṣọ́ọ̀bù bàbá yín fún un àti irinṣẹ́ gbogbo, kí wọ́n má baà dípẹtà gẹ́gẹ́ bí o ti wí. Yàrá rẹ lókè ni wọ́n ń sùn. Mo mọ̀ pé inú rẹ á dùn. Kí ni ẹni tó ń pèsè búrẹ́dì ìbùkún fún odidi ìlú fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù kékeré ṣe? Ọkùnrin tó ń kó ènìyàn ránṣẹ́ sí ọ̀hún bá mi sọ̀rọ̀ ní èbúté Dieppe, ó ní títì ńláńlá wà níbẹ̀, ó ní òkúta ni wọ́n fi kọ́lé. Ìwọ wá ń sọ pé ẹ ò pọ̀. Ìwà ìrẹ̀lẹ̀ rẹ nìyẹn, o ò yí padà.

Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ kan tí mo fẹ́ bá ọ rò. O kọ̀wé tó gùn tó bẹ́ẹ̀, o ò dárúkọ obìnrin kan ṣoṣo. Ṣé kò sí ọmọbìnrin nínú ìlú tó tóbi tó yẹn ni? Àbí o ti fẹ́ ẹnì kan tí o ò fẹ́ kí n mọ̀? Má fi ìyá rẹ ṣe àlejò. Fi awọ onírun kan ránṣẹ́ sí mi, kí n fi bo ọrùn nígbà òtútù, kí Thomasse lè rí i.

Ìyá rẹ tó ń fi ọ́ yangàn,
Guillemette


Pointe-aux-Aulnes
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1644

Màámi,

Mo kí yín. Ẹ kú ayẹyẹ ìgbéyàwó Anselme. Ọlọ́run á fi ọmọ jíǹkí wọn.

Inú oṣù Keje ni lẹ́tà yín dé. Mo jókòó lórí àgbá kan létí omi láti kà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Fáda ka ibi tó kàn yìí díẹ̀díẹ̀ sí yín.

Ilé méje ni gbogbo wa níbí. Ilé méje, Màámi, àti ṣọ́ọ̀ṣì onígi kan tí kò tó ibùso ẹṣin ẹni tó ni ọlọ yẹn. Búrẹ́dì ìbùkún ń yí ká láti ilé dé ilé gẹ́gẹ́ bó ṣe ń yí ká lọ́dọ̀ yín, àmọ́ ibi tó máa yí dé ni kò sí. Tó bá kúrò nílé àwa àpọ́n, á dé ọ̀dọ̀ Gervais, á dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò rẹ̀, kí ojú wa tó kúrò lára rẹ̀, ó ti tún padà dé. Èmi ni mo sì máa ń ṣe é nílé tiwa, nítorí àwọn yòókù kò mọ ìyẹ̀fun pò. Kò sí ọlá kankan níbẹ̀. Ó máa ń bà mí nínú jẹ́ ni, torí gbogbo ìgbà tó bá tún kàn mí ni mo máa ń rántí bí a ti kéré tó.

Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wá, tí a bá ka Fáda àti ọmọ ọwọ́ mọ́ ọn. Obìnrin mẹ́rin péré, gbogbo wọn ló lọ́kọ. Omidan kan ṣoṣo tó wà níbí ni ọmọ Gervais, eyín ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Tí ẹ bá fẹ́ kí n fẹ́ ìyẹn, ẹ ní sùúrù díẹ̀. Québec tí í ṣe olórí gbogbo ibùdó wa, àwọn tó wà níbẹ̀ kò tó àwọn tó ń tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀ lọ́jà Saint-Aubert ní Sátidé kan. Gbogbo Faransé tó wà lẹ́bàá odò yìí látòkè délẹ̀, Màámi, tí wọ́n bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì yín, àyè á ṣẹ́ kù. Títì wo ni ọkùnrin Dieppe yẹn ń sọ? Òpùrọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà ìrúwé fún yín. Àwọn Algonquin, ọmọ onílẹ̀ tí a ń bá ṣòwò awọ ẹranko, dé, ọkọ̀ wọn bo odò. Ìyá àgbà kan sọ̀ kalẹ̀, ó wo ilé wa, ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá bi ògbufọ̀ wa pé, “Àwọn yòókù ńkọ́?” Ògbufọ̀ ní gbogbo wa nìyẹn. Ìyá náà pàtẹ́wọ́. Ó ní, “Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọba yín dẹ́rù bà wá! Ṣé kò sóbìnrin nílùú yín ni, àbí ẹ ṣẹ̀ wọ́n tí wọ́n fi lé yín jáde?” Àwọn èèyàn rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ikùn mú. Àwa náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n lọ tán, oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo ní kí ẹ tọ́jú irinṣẹ́ Bàámi, ohun tí mò ń sọ ni pé mo fẹ́ padà wálé. Ojú ló tì mí láti sọ ọ́ síta, nítorí èmi ni mo fi ariwo kúrò nílé. Mo bínú sí yín, Màámi, mi ò ní purọ́. Ẹ ti fi bẹ́ẹ̀dì mi fún ẹlòmíràn nítorí búrẹ́dì tó jó nídìí. Ìgbà tí mo bínú tán ni mo rí i pé èmi náà jẹ̀bi.

Ní báyìí, mo ń sọ ọ́ gbangba. Ọdún mi á pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Ọkọ̀ máa ń kúrò ní Québec kí odò tó dì. Ṣé àyè kan ṣì kù fún mi nílé? Tí ṣọ́ọ̀bù bá ti di ti Anselme, ẹ bá mi bi í bóyá á gbà mí gẹ́gẹ́ bí ọmọṣẹ́ rẹ̀. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mò ń tọrọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni mò ń dúró dè, mi ò sì ní gbọ́ ọ títí di ọdún tó ń bọ̀.

Macé


Saint-Aubert
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta, ọdún 1645

Macé ọmọ mi,

O bá mi wí, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìwọ náà, ta ló ní kí o fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ fún ìyá tó wà lẹ́yìn òkun? Ẹni tó bá fẹ́ wálé, “Mò ń bọ̀ wálé” ló yẹ kó sọ. Gbogbo ayé ló ń sọ pé àwọn ò pọ̀. Ẹni tó ni ọlọ náà ń sọ pé òun ò ní nǹkan kan.

Mo ní kí Fáda ti ilẹ̀kùn lọ́tẹ̀ yìí kó tó kà á. Ó kà á débi ilé méje, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Mo ní, “Fáda, ẹ máa kà á lọ, kì í ṣe awò lẹ́bi.” Nígbà tó parí, mo rìn lọ sílé. Mo ń rò ó pé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n! Àwọn tó wá síbi ìsìnkú bàbá rẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ, òjò sì ń rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Thomasse ṣì ń gbé ẹyin wá, mo ṣì ń jẹ ẹ́, kí Ọlọ́run foríjì mí.

Jẹ́ kí n sọ tèmi náà fún ọ. Láti ìgbà tí Colette ti wọlé, mi ò mọ ibi tí ìkòkò mi wà mọ́. Àga mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó ti gbé e sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ní èéfín ń pọ́n mi lójú. Èéfín tí mo ti ń fà láti ọgbọ̀n ọdún! Kì í ṣe ọmọ burúkú, mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹbí rẹ̀ ń rọ́ wá láti ilé ọtí lálaalẹ́, wọ́n ń sọ̀rọ̀ gba orí mi kọjá bíi pé àpótí ni mo jẹ́. Ilé kún fọ́fọ́, èmi nìkan ni mo wà nínú rẹ̀. Ológbò ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Fáda ń wò mí bí mo ṣe ń sọ èyí. Fáda, ẹ kọ ọ́.

Mo pe Anselme jókòó. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n rẹ ń bọ̀ wálé. Ṣé ìwọ ni kó wá máa sìn?” Ó wolẹ̀. Colette ń gbá ilẹ̀ tí kò dọ̀tí, ó ń gbá a tìbínú-tìbínú. Anselme wá ní, “Ìyá, ẹ jẹ́ kó wá. Á kan tiẹ̀, màá kan tèmi, a ó jọ máa pín in.” Mo ní, “Ọ̀gá sì ni ẹ̀gbọ́n rẹ.” Ó ní, “Ọ̀gá ni.” Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Òkè àjà tí a ń kó èso ápù sí lo máa sùn. Mo ti gbá a. Ó ń rùn bí ọtí díẹ̀, ó máa lọ.

Nítorí náà, máa bọ̀. Má ra ohunkóhun. Má wulẹ̀ mú awọ onírun kankan dání, ọrùn mi ò tutù mọ́. Ìwọ gan-an ni kí o gbé ara rẹ wá. Láti ìgbà ìkórè lèmi yóò ti máa lọ sí èbúté Dieppe lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá dé, màá wọ ìborí pupa mi kí o lè tètè rí mi láàárín èrò.

Ìyá rẹ,
Guillemette


Pointe-aux-Aulnes
Ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá, ọdún 1645

Màámi,

Ọkọ̀ tó gbé lẹ́tà yìí wá fún yín ló yẹ kó gbé mi wá. Mo mọ̀ pé ẹ ti dúró ní èbúté kó tó dé. Mi ò mọ bí mo ṣe lè bẹ̀ yín.

Ìgbà òtútù tó kọjá le. Ẹja tán nínú àgbá kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Àìsàn kan wá wọlé sí wa, á mú erìgì ènìyàn wú, á mú ẹsẹ̀ dúdú, agbára á lọ. Gervais kú. Mo jókòó tì í. Mo bẹ̀rẹ̀ àwàdà kan fún un, mo ń retí kó bá mi parí rẹ̀, kò parí rẹ̀. Ilẹ̀ ti dì, a ò lè gbẹ́ sàréè, a tẹ́ òkú rẹ̀ àti ti àwọn mìíràn tó kú sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì nínú yìnyín títí ilẹ̀ fi rọ̀. Èmi náà ṣàìsàn náà, eyín méjì ti kúrò lẹ́nu mi.

Nígbà tí odò ṣí, àwọn Algonquin dé. Ìyá àgbà yẹn wọlé wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó se èèpo igi fún wa mu, ó korò, ó sì gbà wá. Kò bi wá léèrè àwọn yòókù mọ́.

Mọ́kàndínlógún ló kù. Ilé mẹ́ta ti dákẹ́. Fáda wa wà láàyè, ṣùgbọ́n ọ̀pá ló fi ń rìn. Jacquette, ìyàwó Gervais, wà láàyè, ọmọbìnrin rẹ̀ náà wà láàyè. Jacquette àti èmi la gbin ẹ̀wà sí gbogbo oko nígbà ìrúwé, nítorí àwọn yòókù kò tíì lè dìde.

Lẹ́tà yín dé nínú oṣù Kẹjọ. Mo kà á, mo sunkún, mo kó ẹrù mi sínú àpótí. Ọ̀gá ibùdó ní, “O ti parí ọdún rẹ, Macé, kò sẹ́ni tó lè dá ọ dúró.” Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó dá mi dúró. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí. Bóyá ká ní wọ́n bẹ̀ mí, màá ti lè bínú lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ bá ọkọ̀ ní Québec, gbogbo ìlú sìn mí dé etí omi. Gbogbo ìlú, Màámi, etí omi kò sì kún. Jacquette gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n. Ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó ní kí n bá òun kí yín. Ó wá yíjú sí ọ̀gá, ó ní, “Ta ló máa wá kan àgbá báyìí?” Kò sọ ọ́ kí n lè gbọ́, ó kàn ń rò ó sókè ni, bí obìnrin ṣe ń ro ohun tó kù nínú ilé. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n kàn. Tí kò bá sí àgbá, kò sí ẹja oníyọ̀. Tí kò bá sí ẹja, ìgbà òtútù á tún dé.

Mo wọ ọkọ̀ kékeré náà. A tukọ̀ títí a fi yí igun odò, tí mi ò rí wọn mọ́. Mo wá rántí ọjọ́ tí mo kúrò ní Saint-Aubert. Ẹ̀yin nìkan lẹ sunkún. Lọ́jọ́ kejì, ọjà ná, agogo lù, kò sí àyè kankan tó ṣófo àfi èyí tó wà lọ́kàn yín. Níbí, àyè tí mo bá fi sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa dí i. Mo ní kí ọlọ́kọ̀ yí padà. Ó wò mí, ó ní, “Kí lo gbàgbé?” Mo ní kó ṣáà yí padà.

Mo ṣì fẹ́ wálé. Kò sí ọjọ́ tí mi ò fẹ́ wálé. Ẹ sọ fún Anselme kó máa lo ṣọ́ọ̀bù, kó ṣe ọ̀gá. Ẹ má lọ sí èbúté mọ́, Màámi. Òtútù á mú yín.

Ọmọ yín tó ṣẹ̀ yín,
Macé


Saint-Aubert
Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹta, ọdún 1646

Macé,

Mo dúró ní èbúté. Ọkọ̀ mẹ́ta ni mo lọ pàdé. Nínú èyí tó kẹ́yìn, mo ń wo àwọn ọkùnrin bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, mo ń sọ pé, kì í ṣe èyí, kì í ṣe èyí, títí kò fi sí ẹnì kankan lórí ọkọ̀ mọ́. Ìgbà náà ni atukọ̀ kan béèrè pé, “Ta ni ìyá Brunel?” Ó fi ìwé lé mi lọ́wọ́. Mo jókòó sórí okùn tí wọ́n ká sílẹ̀, mi ò lè kàwé, ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Mo bú ọ. Mo bú ọ láti Dieppe títí dé ilé, àwọn ènìyàn ń yà fún mi lọ́nà. Fáda kà á fún mi, mo tún bú ọ. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kọjá kí n tó ní kó tún un kà. Ó débi tí ọlọ́kọ̀ ti béèrè ohun tí o gbàgbé, mi ò lè bú ọ mọ́. Bàbá rẹ náà á ti yí padà.

Gbogbo òtútù yìí ni mo fi jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn tí mò ń ronú. Colette ti bímọ, ìyá rẹ̀ ti kó wá, àǹtí rẹ̀ náà ti kó wá. Ọmọ náà dára púpọ̀. Àwọn tó ń du àtigbé e pọ̀ débi pé kò tíì kàn mí.

Mo lọ bá ọkùnrin Dieppe òpùrọ́ yẹn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyá, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Àwọn géńdé là ń kó.” Mo ní, “Àwọn géńdé yín, ṣé wọ́n lè gbẹ̀bí? Ṣé wọ́n mọ bí a ti ń tọ́jú aláìsàn tó ń kọ oúnjẹ?” Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Alásè ọkọ̀ kan ń wá ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́, mo sì ti bá a sọ ọ́. Fáda Anquetil ní mo ti dàgbà jù, ó ní òkun á pa mí. Mo ní kó kọ ọ́ síbí pé òun kìlọ̀ fún mi, kí ẹnikẹ́ni má baà bá a wí. Ó ti kọ ọ́. Ó ń sunkún sórí ìwé ni, òun ló fà á tí ibí yìí fi dọ̀tí.

Nígbà tí mo sọ fún wọn nílé, Colette ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún, ó yà mí lẹ́nu. Anselme ní, “Ìyá, kí la ṣe yín?” Mo ní wọn ò ṣe mí ní nǹkan kan. Tí mo bá lọ, ilé yìí ò ní ṣófo, òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn, mi ò sì fi bínú. Bá mi kí Jacquette tí o dárúkọ lemọ́lemọ́ yẹn. Màá bi ọ́ léèrè tí mo bá dé.

Ọkọ̀ tó kọ́kọ́ ń lọ ló gbé ìwé yìí. Èmi wà nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Mi ò mọ bóyá ẹ ṣì pé mọ́kàndínlógún lẹ́yìn òtútù yìí, ẹ̀rù ń bà mí láti béèrè. Iye yòówù kí ẹ kù, ẹ fi ẹnì kan kún un.

Ìyá rẹ,
Guillemette